Ẹ Pè Wọ́n Kí Ẹ Tó Di Ẹrù: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ìgbìmọ̀ Àánú Ṣọ́ọ̀ṣì àti Mọ́sáláṣí ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ̀yin àáfà, ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ẹ̀yin ìyá àdínnì,

A kí yín kú iṣẹ́ àánú. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Òkè-Ode ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí wọ́n tún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku ní oṣù kọkànlá ọdún náà tí wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ káwọ́ gbera. Ẹ dáwó, ẹ ra ẹrù, ẹ háyà ọkọ̀. A ò kọ lẹ́tà yìí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé púpọ̀ nínú ẹrù tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa lẹ́bàá igbó, ní Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Èkìtì ti Kúárà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n ń wá kì í sì í bá ọkọ̀ dé. Yàrá ìpàdé ní ìgboro la ti ń pinnu ohun tí ẹni tí kò sùn lóru àná máa jẹ. Ìpè kan sí baálẹ̀, ìkan sí ìyálọ́jà, ìkan sí nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn abúlé, ì bá ti yí ìdajì ohun tí ẹ rà padà.

Kí lẹ máa bi wọ́n? Ṣé ọjà yín ṣì ń ná, kí ló sì tán níbẹ̀? Níbo lẹ ti ń pọn omi? Níbo lẹ ti ń ṣẹ́gi? Ta ló sùn sílé yín lálẹ́ àná tí kì í ṣe ará ilé yín? Oògùn ta ló ti tán? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìrẹsì.

Ìrẹsì náà la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń gba owó jù. Àṣà wa ni kí a gbé àpò dé ìlú, kí a tú u, kí a máa wọ̀n ọ́n ní kóńgò fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń bọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń lò káàkiri ayé ni kílókálórì 2,100 fún ẹnì kan lóòjọ́. Kó tó pé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á jẹ nǹkan bíi gíráàmù 400 ìrẹsì, gàrí tàbí èlùbọ́, gíráàmù 60 ẹ̀wà, gíráàmù 25 òróró, gíráàmù 5 iyọ̀, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti ìyẹ̀fun àgbàdo tí a pò mọ́ sóyà. Ẹ wá fi èyí ṣe ìṣirò ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà fún ọgbọ̀n ọjọ́: kílò 72 ìrẹsì tàbí gàrí, ẹ̀wà kílò 11, òróró lítà 5, iyọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò kan. Àpò kílò 50 tí a ń pè ní oúnjẹ oṣù kan, ogún ọjọ́ ló máa gbé wọn. Kóńgò kan kò tó kílò méjì, bẹ́ẹ̀ kílò 2.4 ni ilé yẹn ń jẹ lóòjọ́. Ìyá tó fẹsẹ̀ rìn láti abà wá gba kóńgò kan, á ti jẹ lára rẹ̀ tán kó tó délé.

Ẹrù oṣù kan fún ilé kan sún mọ́ kílò 90. Ọkọ̀ tó ń gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún, ilé 55 péré ló lè gbé tiwọn. Nítorí náà, bí owó yín bá tó ọkọ̀ kan, ẹ má ṣe lọ sí ìlú tó ní ilé 500 kí ẹ sọ pé gbogbo wọn lẹ máa kárí. Ẹ yan ilé 50 tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi yàn wọ́n létí gbogbo ìlú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jẹun oṣù kan gidi. Àwọn kan á bínú. Ìbínú yẹn ṣeé pẹ̀tù sí bí wọ́n bá gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé; bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lójú ẹrù, ìjà ni.

Ohun tí kò sí nínú ìṣirò yẹn ni igi ìdáná, ibẹ̀ ni ẹ̀mí sì ti ń ṣòfò. Ẹ̀wà kì í jinná kíákíá. Ẹni tó sá wá láìmú nǹkan kan dání, inú igbó ló ti máa ṣẹ́gi, igbó yẹn kan náà ni wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé. Ẹ̀wà tí ẹ gbé wá ló rán ìyá yẹn lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kọ́ obìnrin Ìgbómìnà bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí wa. Èédú ni wọ́n nílò, pẹ̀lú àdògán tí kì í jẹ èédú púpọ̀ àti ìkòkò tó ní ọmọrí, nítorí ẹni tó sáré jáde lóru kò gbé ìkòkò. Bí owó èédú kò bá sí, ẹ fi gàrí àti èlùbọ́ rọ́pò apá tó pọ̀ nínú ìrẹsì, kí ẹ sì ra ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀. Gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín á jáde láti inú rẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lẹ́bàá igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka igi ìdáná mọ́ ebi.

Mílíìkì inú agolo àti ìgò ìfúnlọ́mú: ẹ má gbé e lọ. A mọ̀ pé ó máa ń wọ ojú fọ́tò. Omi tí wọ́n máa fi pò ó kò mọ́, iná tí wọ́n máa fi se ìgò náà kò sí, ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀ lé e. Bí agolo bá sì tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmú ìyá á ti gbẹ. Ìyá ni kí ẹ bọ́, òun á bọ́ ọmọ. Fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ ṣe ìyẹ̀fun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Tom Brown: òṣùwọ̀n mẹ́fà àgbàdo, ọkà bàbà tàbí jéró, mẹ́ta sóyà, ọ̀kan ẹ̀pà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yan wọ́n, torí ẹ̀pà á ti jóná kí sóyà tó yan. Lẹ́yìn náà kí ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá tó gbẹ. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì mú okùn ìwọnpá dání: ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 59 tí yíká apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ti ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ti ẹ̀kọ.

Píọ́ wọ́tà ni ohun kejì tó ń jẹ owó yín. Àpò kan jẹ́ ọ̀rá 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, lítà 10 ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nílò lítà 15 lóòjọ́ láti mu, láti se oúnjẹ, láti wẹ̀. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà á nílò àpò mẹ́sàn-án lójoojúmọ́! Ó dára fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè bóyá bóòhù aláfọwọ́fà tó wà ní ìlú náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan tó bá ń pọn lítà 17 ní ìṣẹ́jú kan tó ènìyàn 500. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kì í sábà jù rọ́bà tàbí awọ inú rẹ̀ tó ti jẹ, ṣéènì tó já, tàbí páìpù tó dípẹtà ní oríkèé. Bí ẹni tó ń fà á bá ní láti fà á lọ́pọ̀ ìgbà kí omi tó yọ, rọ́bà ló sábà máa ń jẹ́. Owó ọ̀kẹ́ àìmọye àpò omi tí ẹ ń rà ì bá ti tún un ṣe. Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní kẹ́ẹ̀gì méjì tó ní ìdérí, ọ̀kan láti pọn, ọ̀kan láti tọ́jú, nítorí omi tó mọ́ lẹ́nu bóòhù ń dọ̀tí nínú garawa tí kò ní ìdérí. Bó bá jẹ́ omi odò ni, hóró Aquatabs (oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi) tó jẹ́ mílígíráàmù 67 kan á tọ́jú lítà 20, kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu ún. Omi tó bá rú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tí a ṣẹ́ po sẹ́ ẹ, torí ìdọ̀tí ló máa ń jẹ agbára oògùn náà.

Níbi tí ènìyàn bá ti pọ̀ sínú ilé ẹ̀kọ́, ilé ìgbẹ́ kan fún ènìyàn 50 ní àkọ́kọ́, kó sì sún sí 20 bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga tó mítà 30. Ẹ kó ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru) àti síǹkì lọ. Bí kò bá sí ORS, omi tó mọ́ lítà kan, síbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé lórí àti ìdajì síbí tíì iyọ̀. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ṣe ọmọ léṣe ju ìgbẹ́ gbuuru lọ.

Oògùn yòókù, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má gbé oògùn tí ẹnì kan ti lò kù lọ. Ẹ má sì gbé èyí tó máa bàjẹ́ kí ọdún kan tó pé. Ẹ gba orúkọ àti ìwọ̀n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, òun ni kí ẹ sì kó o fún. Àwọ̀n ẹ̀fọn, ọ̀kan fún ènìyàn méjì. Aṣọ òkìrìkà: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ yọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga àti kóòtù òtútù ìlú òyìnbó kúrò, bọ́láńkẹ́ẹ̀tì ló wúlò nígbà ọyẹ́. Tapólíìnì mítà mẹ́rin sí mẹ́fà á bo ènìyàn mẹ́fà lábẹ́ àwókù ilé, ṣùgbọ́n bí okùn àti ìṣó kò bá bá a dé, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ló máa dà.

Fún àwọn obìnrin, ọṣẹ, aṣọ nǹkan oṣù, ṣòkòtò abẹ́, tọ́ọ̀ṣì. Obìnrin ni kó pín in, nínú yàrá, láìkéde orúkọ. Ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá bá yín lọ mọ èyí sórí: obìnrin tàbí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72 kí oògùn tó ń dènà HIV tó lè ṣiṣẹ́, láàárín ọjọ́ márùn-ún fún èyí tó ń dènà oyún. Bí ó bá jẹ́ pé àdúrà ọjọ́ mẹ́ta la kọ́kọ́ fi lélẹ̀ fún un kí a tó mú un lọ, àwa la fi àkókò náà ṣòfò.

Owó ńkọ́? Níbi tí ọjà bá ti ń ná, owó sàn ju ẹrù lọ. Ẹni tó gba owó á ra ohun tó kàn án, owó náà á sì gbé ìyálọ́jà tí ìpayà ti lé oníbàárà rẹ̀ lọ dìde. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó ń ṣe POS níbẹ̀ ní owó lọ́wọ́ àti pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò lọ, kí ẹ sì ka owó tí POS máa yọ mọ́ ọn. Owó tútù nínú àpò kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ yín, kódà kí ẹ̀ṣọ́ márùn-ún wà nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ, tó jẹ́ pé òun ló ń ba ìdajì iṣẹ́ yìí jẹ́. Lọ́dọ̀ baálẹ̀ la ti ń wọ ìlú, a ò sì sọ pé kí ẹ rékọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo kọ, orúkọ òkú á wà nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ tó wà ní Èkó á wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tí kò ní ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún wọn kò sì ní sí. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀, obìnrin ọjà kan, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì kan. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn. Orúkọ tó wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ lọ wò lójú.

Ta ló máa ń bọ́ sílẹ̀? Alágbàṣe oko tó wá láti Bẹ́núè tàbí láti Kútọnu, tó ń gbé inú abà, tí kò ní agbo ilé ní ìlú. Opó Mùsùlùmí tó wà nínú ìdà, ìyẹn àkókò opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, tí kò lè jáde wá tò. Ilé ni kí ẹ gbé tirẹ̀ lọ bá a. Arọ àti arúgbó. Ilé tó gba àlejò: púpọ̀ nínú àwọn tó sá wá kò sí ní àgọ́ kankan, ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n wà ní Òmù-Àrán, ní Àjàṣẹ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin níbí, ìkòkò ẹlẹ́ni márùn-ún ti di ti ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá láìsí ẹni tó kọ orúkọ wọn. Àti àwọn Fúlàní darandaran tí àwọn agbébọn kan náà lé kúrò ní gáà wọn, tí wọ́n ń bẹ̀rù àwọn agbébọn, tí wọ́n tún ń bẹ̀rù wa. A mọ̀ pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí máa bí àwọn kan nínú. Ọmọ tí ebi ń pa kò mọ ẹni tó yìnbọn.

Ní agbo ilé Ìgbómìnà, bàbá lè máa kírun kí ìyá máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ọmọ pín sí méjì. Ìwé orúkọ kan ni kó wà, kì í ṣe ti ìjọ kan àti ti mọ́sáláṣí kan. Bí méjì bá wà, ilé kan á gbà lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì kò ní gbà rárá, wọ́n á sì máa wo ara wọn níwòkuwò lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ara wọn nìkan ni wọ́n ní láti fi ṣọ́ ìlú lóru.

Ọjọ́ ìpín. Ìgboro ni kí ẹ ti di ẹrù ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so ó, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára. Ìdì kankan kò gbọdọ̀ ju kílò 25 lọ, nítorí ìyá àgbà ló máa gbé e; ẹ ka owó ọmọlanke tàbí ọ̀kadà mọ́ ìnáwó. Alẹ́ tó ṣáájú ni kí káàdì tó ní nọ́ńbà dé ọwọ́ wọn. Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tó ní ẹnu ọ̀nà méjì ni kí ẹ lò, kí wọ́n gba ọ̀kan wọlé, kí wọ́n gba ìkejì jáde. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń mú kí wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Aláboyún, abiyamọ àti arúgbó á ní ìlà tiwọn. Kí ẹ dé kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà padà nígbà tó bá ti ń lu aago mẹ́ta. Ẹ má fi ọjọ́ náà sórí WhatsApp. Àwọn tí ẹ ń sá fún náà ní fóònù.

Ẹ má fi ọkọ̀ ẹrù gbé ohunkóhun fún àwọn ọdẹ àti fijilanté, ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe ọta ìbọn. A mọ rírì wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn, ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì gba ọwọ́ ìjọba. Ọkọ̀ tó bá ti gbé nǹkan ogun lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ogun ni lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà, gàrí inú rẹ̀ kò ní gbà á.

Fọ́tò wá kù. Nínú Súrà 76, àwọn olóòótọ́ ń sọ fún ẹni tí wọ́n bọ́ pé nítorí Ọlọ́run ni, àwọn kò retí ẹ̀san tàbí ọpẹ́. Mátíù 6 ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ìwé mímọ́ méjèèjì ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó dáwó fẹ́ rí ẹ̀rí, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ ya ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, ẹ ya ìwé tí wọ́n tẹ ìka sí, ẹ ya ọwọ́. Ẹ fi ojú sílẹ̀, àgàgà ojú ọmọdé.

Iṣẹ́ ìtùnú ni ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ jù wá lọ, síbẹ̀ ó ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é níbi tí ogun kò tíì tán. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn mìíràn tẹ ìwé ìlànà kan jáde fún ẹni tí kì í ṣe dókítà, ohun mẹ́ta ló dá lé: wò, tẹ́tí, so wọ́n pọ̀. Wò bóyá ibẹ̀ kò léwu àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Tẹ́tí sí ohun tó bá fẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́. So ó pọ̀ mọ́ ẹbí rẹ̀, mọ́ omi, mọ́ ilé ìwòsàn. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ní kí a fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni tún ìtàn náà sọ. Ẹni tí a ń mú sọ ọ́ ní ọ̀sán, òru ló máa tún un rí.

Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, ẹ má gbé e sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e láti jẹ́rìí. Ó lè dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà, ó lè sọ iye tí ẹbí san. Iye yẹn ló máa di owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣì wà nínú igbó. Kí ó dúpẹ́ nílé, láàárín àwọn tirẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, bó bá wù ú, kó jẹ́rìí.

Ìdílé tí ẹni wọn sọnù, ẹ má kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Kò sí òkú nílẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n. Kí Ọlọ́run dá a padà, àdúrà nìyẹn. Pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àsọtẹ́lẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ Ẹtì á sì dé. Ẹ má sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á. Ẹ má ní kí opó ọjọ́ mẹ́ta dárí ji àwọn tó pa ọkọ rẹ̀. Ẹ má gba owó àdúrà lọ́wọ́ ilé tó ń ta ilẹ̀ láti fi ra ènìyàn padà. Ẹ má ní kí wọ́n má sunkún mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní ti òkú, ẹ béèrè ohun tí kò sí. Fún Mùsùlùmí, aṣọ funfun ẹyọ mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin, òwú, ọṣẹ, káfúrà, àti obìnrin tó lè wẹ òkú obìnrin, nítorí nígbà mìíràn àwọn tó ń ṣe é ní ìlú náà ti sá. Fún Kìrìsìtẹ́nì, pákó àti káfíńtà ló sábà máa ń wọ́n ju ìwàásù lọ.

Ìmáàmù àti pásítọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ má gba ipò wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn náà pàdánù ènìyàn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni gbogbo ìlú ń sunkún sí. Ẹ fi káàdì fóònù àti epo ọ̀kadà ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ẹ rán ẹni tó máa dúró fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lè sùn. Ìṣọ́-òru, ẹ gbé e sí ọ̀sán, kí ó parí ní aago márùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọmọ tó ń tọ̀ sílé, tó ń ké lóru, ìbẹ̀rù ló ń ṣe é, kì í ṣe àjẹ́. Àlọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ní aago kan náà, láti ẹnu ẹnì kan náà, ń ṣe é lóore ju ìdáǹdè lọ. Àgbàlagbà tí kò bá tíì lè jẹun tàbí sùn lẹ́yìn oṣù kan, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má ṣe dá a gbé. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹnì kan sì bá a lọ.

Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀ yín fún báyìí. Gbogbo ọkọ̀ ń lọ sí ìlú tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìròyìn, àwọn abà tó yí i ká kò sì rí ẹnì kan. Kí àwọn ìgbìmọ̀ jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ìlú kan tàbí abà mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ máa padà síbẹ̀ lóṣooṣù. Kí ó jẹ́ kí òjò tó rọ̀, torí ọ̀nà abà á di ẹrẹ̀, ọkọ̀ tọ́ọ̀nù márùn-ún kò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ìgbà yẹn náà ni irúgbìn máa ń wúlò: kílò 20 àgbàdo á gbin hẹ́kítà kan ní oko ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ojú lè tó láti ìlú. Ẹ má fún ilé tí kò ní oúnjẹ ní irúgbìn, wọ́n á sè é jẹ ni. Èyí tí wọ́n sì ti po oògùn kòkòrò mọ́, ó lè pa wọ́n. Oúnjẹ ni kí ó kọ́kọ́ dé, irúgbìn á tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kejì.

Bí ẹ bá ti dá ọjọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ ká gbọ́. A ó mú ìwé orúkọ àwọn abà tí a mọ̀ wá.

Àwa ọmọ Ìgbómìnà àti ọmọ Ìlọrin tó ń di ẹrù, tó ń kọ orúkọ, tó sì ń pín in.